Agogo Apá Òsì

“Òun nìyẹn! Agogo yẹn nìyẹn!”

Adájọ́ ti fò dìde kí ó tó rántí pé okùn íapíìsì ṣì wà létí òun. Okùn náà fa fóònù aláwọ̀ ewé kúrò lórí tábìlì, fóònù gbéra, ó di inú afẹ́fẹ́, Adájọ́ sì na ọwọ́ méjèèjì, ó hán an bí ìgbà tí èèyàn bá hán ọmọ tó fẹ́ já bọ́ lórí ibùsùn. Ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ tó yá. Ó gbé e mọ́ àyà, ó fi ìka fa orin náà sẹ́yìn díẹ̀, ó di ojú, ó dúró láàárín yàrá, kò tilẹ̀ mí.

Tíń. Tíń, tíń.

“Yéè!” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó jó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí orúnkún rẹ̀ kan ti ń ṣàròyé láti ọdún tó kọjá, òun ló ń jó nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Ta ló rántí orúnkún? Ọdún méjì gbáko ni agogo yẹn fi sọnù, òun ló padà dé yìí.

Ẹ má ṣèèṣì rò pé ilé ẹjọ́ gidi ló ti ń ṣe adájọ́ o. Ẹjọ́ fóònù ló ń dá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń dán fóònù wò fún àwọn tó fẹ́ rà á ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n kọ́ yàrá kékeré kan fún un, wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀ kí ariwo ìta má baà wọlé. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ètò wọn máa ń lọ tààrà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá Kámẹ́rà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń yẹ àwòrán tí fóònù ń yà wò, á kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Adájọ́ á bọ́ síwájú, á húkọ́ sọ́wọ́, á ní, “Ilé ẹjọ́ ti jókòó.” Fóònù tí ohùn rẹ̀ bá mọ́, á dá a sílẹ̀. Èyí tí béèsì rẹ̀ bá ń kùn bí ikùn ẹni tí ebi ń pa, ẹ̀wọ̀n gbére. Àwọn òǹwòran fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Àwọn ìyàwó ilé wà tí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ wọn yọ owó lápò títí Adájọ́ á fi sọ̀rọ̀.

Orin kan ṣoṣo ló fi ń dán gbogbo wọn wò. Orin ẹgbẹ́ akọrin tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà ọmọge ni, wọ́n gbà á sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ kan tí òjò ń ṣú. Ó mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Ó mọ ibi tí àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ ti pẹ́ kí wọ́n tó wọlé, ó mọ ibi tí ẹnì kan ti húkọ́ tó sì sáré fọwọ́ bo ẹnu. Àmọ́ ẹsẹ kejì ni ojú ogun. Níbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ohùn yẹn, ní apá òsì pátápátá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu agogo kékeré kan: ẹ̀ẹ̀kan, ó sinmi, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì. Bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀, tí èèyàn bá fi íapíìsì gbọ́ ọ, etí òsì nìkan ni agogo yẹn ń wọ̀. Ti ọ̀tún ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìró rẹ̀ ga, ó sì fúyẹ́, fóònù tí kò bá dáa a máa gbé e mì. Èyí tó bá gbé e jáde, Adájọ́ á mọ̀ pé ohùn rẹ̀ mọ́ dé egungun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó lu agogo náà ńkọ́? Ó ti di baba olórí pípá, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń ṣe, Adájọ́ ló sì fi ṣe aya.

Láti ọdún méjì yìí ṣá, agogo di àwátì. Fóònù olówó ńlá wá, kò gbé e jáde. Fóònù olówó pọ́ọ́kú wá, kò gbé e jáde. Adájọ́ ń rán wọn lẹ́wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Àwọn tó ń ṣe fóònù ti di ọ̀lẹ,” ló máa ń sọ lórí ètò, “gbogbo làálàá wọn ti lọ sórí kámẹ́rà.” Bàbá Kámẹ́rà á sì tẹrí ba bíi pé òun ni wọ́n ń yìn.

Ẹni tí kò bá wọn rẹ́rìn-ín ni Ọ̀gá. Ọ̀gá kéré sí Adájọ́ lọ́jọ́ orí, kì í sì í sọ̀rọ̀ sí i láìfi ọ̀wọ̀ kún un, ṣùgbọ́n ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ló pè é sí ọ́fíìsì.

“Ẹ má bínú, mà. Fóònù méjì tí ẹ sọ pé ohùn wọn bò, àwọn tó rà wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń dún ketekete. Àwọn òǹwòran ti ń kùn.”

“Kí wọ́n fọ etí.”

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí páálí kan tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí wọn ò tíì tú. “Ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn ló wà nínú yẹn. Bí ìdájọ́ ti ọjọ́ Ẹtì bá tún wọ́, màá ní láti tú u.”

“Ẹ̀rọ ló máa sọ bóyá orin dùn?”

“Kò ní sọ bóyá ó dùn, mà. Á sọ bóyá ó pé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn Adájọ́. Kí ni wọ́n ń fi adájọ́ ṣe tí ẹ̀rọ bá ti ń dájọ́? Ọjọ́ Ẹtì yìí gan-an sì ni wọ́n máa kéde Ohùn Iyọ̀ Ọdún, fóònù tí ohùn rẹ̀ borí gbogbo ti ọdún náà. Méjì ló kù lórí pápá: dúdú kan, tí gbogbo ayé ń yìn ṣùgbọ́n tí kò gbé agogo jáde fún Adájọ́, àti aláwọ̀ ewé yìí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ìwà rẹ̀.

Láti òwúrọ̀ ni Adájọ́ àti aláwọ̀ ewé ti jọ wà nínú yàrá, ohun tí fóònù náà sì lè fi orin ṣe kì í ṣe kékeré. Ihò íapíìsì tí ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí ti dí pa, tiẹ̀ wà níbẹ̀ gbàgà. Ó ní rédíò tí kì í jẹ dátà. Ó lè dín eré orin kù kó máa rọra lọ, kí ẹni tó ń kọ́ ọ lè bá a lọ, síbẹ̀ ohùn olórin ò ní di ti ọ̀mùtí. Ó ń to ọ̀rọ̀ orin sójú bí olórin ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí Adájọ́ gbé ohùn sípíkà rẹ̀ sókè tán pátápátá, tábìlì ń gbọ̀n, ife omi ń jó, ohùn ò ya! Kò sí ẹni tó ń wá agogo lórí sípíkà o. Ibẹ̀, gbogbo ohùn a máa dà pọ̀ ni. Síbẹ̀, inú Adájọ́ ti ń dùn. Ó wo fóònù náà láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ló bi í, “ta ló bí ẹ?”

Kí wọ́n tó kan orin rárá ni fóònù náà ti tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ etí ẹni tó ni òun, kí òun lè ṣe ohùn tó máa bá a mu. Kí ó ki íapíìsì bọ etí, kí ó sì fọwọ́ tẹ ojú fóònù nígbàkígbà tó bá gbọ́ ìró. Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí. “Èmi tí mò ń dán ẹ wò, ìwọ náà fẹ́ dán mi wò? Ó dáa, ṣé o ò ní sunkún o?” Ó tẹ̀, ó tẹ̀, títí ó fi parí. Fóònù wá ya etí méjì sójú. Ti ọ̀tún kún fún àwọ̀ ewé, ti òsì dé ìdajì, ó dúró, bí ìgbà tí ọ̀dà bá tán mọ́ akunlé lọ́wọ́. Adájọ́ ní àwọn tó ya àwòrán náà ò parí iṣẹ́ wọn. Ó yọ máàkì kan kúrò fún ìwà ọ̀lẹ, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ “Ó dára” sí, ó kọjá lọ sídìí orin.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni agogo dún.

Ó tún un gbọ́, ó tún tún un gbọ́. Ó bọ́ sórí dúdú, ó gbọ́ ẹsẹ kejì: ohùn wà, ikọ́ wà, kò sí agogo. Ó padà sórí aláwọ̀ ewé: tíń! Ẹjọ́ ti parí. Aláàńgbá tó já látorí ìrókò, tó ní bí ẹnì kan ò yin òun òun á yin ara òun, kò sàn ju Adájọ́ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. “Etí mi!” ló ń wí. “Etí mi yìí! Kí wọ́n gbé páálí wọn padà síbi tí wọ́n ti rà á!”

Kò lè mú un mọ́ra. Ó mú fóònù tirẹ̀, ó gbé e sí etí ọ̀tún bó ṣe máa ń ṣe, ó pe ọkọ rẹ̀. Ariwo ayùn ló kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ayùn dákẹ́.

“Bàbá Ìbejì, mo gbọ́ agogo yín!”

“Agogo wo?”

“Agogo wo kẹ̀? Ti ẹsẹ kejì! Fóònù kan ti gbé e jáde!”

Adájọ́ gbọ́ tí ọkùnrin náà gbé ayùn sílẹ̀.

“O gbọ́ ọ?” ló wí jẹ́jẹ́, bíi pé wọ́n ní ọmọ kan tó sọnù ti délé. “Ó dá ẹ lójú pé o gbọ́ ọ, Ìyá Ìbejì?”

“Mo ní mo gbọ́ ọ. Ketekete!”

“Mo dúpẹ́,” ló ní. “Mo dúpẹ́ gan-an ni.”

Adájọ́ pa fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wo bí orí ọkùnrin ṣe wú nítorí agogo tó lu ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn! Ọkọ rẹ̀ yìí ti ń ṣe ségesège láti ìgbà díẹ̀, ká sọ tòótọ́. Ó ti gba apá ọ̀tún ibùsùn mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní atẹ́gùn ojú fèrèsé ń ṣe òun. Láàárọ̀ yìí pàápàá, nígbà tó ń sìn ín lọ wọkọ̀, ṣe ló gba ẹ̀yìn rẹ̀ yí po, ó bọ́ sí apá ọ̀tún, apá ibi tí ọkọ̀ ti ń gbá kọjá. “Ṣé ẹ ò lè rìn lójú kan bí èèyàn ni?” ni Adájọ́ bi í. Ó ní oòrùn ló ń wọ òun lójú. Oòrùn wo, nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú bí ìdí ìkòkò?

Ètò kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Bàbá Kámẹ́rà wọlé, ó ń jẹ bùrẹ́dì lọ́wọ́. Adájọ́ ò jẹ́ kó gbé òkèlè mì.

“Jókòó. Gbọ́ fóònù tó máa gbẹ̀yìn gbogbo fóònù.”

Ó gbé íapíìsì fún un. Gbogbo íapíìsì ló ní àmì lára, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Láti ọjọ́ tí Adájọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò fi ti òsì sí ọ̀tún rí. Èèwọ̀ ni. Oníṣẹ́ ohùn tó bá dán an wò, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yí po. Bàbá Kámẹ́rà ní tiẹ̀, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ kàn ló ń kì bọ etí. Adájọ́ rí i pé ó ti fi wọ́n sódì, ó mí kanlẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ojú lòun mọ̀, kò mọ etí.

Orin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ẹsẹ kejì, Bàbá Kámẹ́rà ta gìrì, ó yọ íapíìsì kan létí.

“Háà! Kí ló dé tó ń pariwo lápá kan? Ó ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́.”

“Etí ẹ ló dọ̀tí.”

“Etí tí mo fọ̀ láàárọ̀? Gbé dúdú yẹn wá.” Ó fa okùn kúrò lára aláwọ̀ ewé, ó kì í bọ dúdú, ó dá íapíìsì padà sétí, ó tan orin kan náà. Ojú rẹ̀ rọ̀. “Ẹ̀n-hẹ́n. Èyí ló mọ́. Agogo wẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn yẹn, ó dùn o.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Adájọ́. “Agogo wo?”

“Èyí tó ń dún tíń yẹn.”

“Kò sí agogo nínú fóònù yẹn. Mo ti gbọ́ ọ tó ogún ìgbà.”

Bàbá Kámẹ́rà ò bá a jiyàn. Ó fa orin sẹ́yìn, ó gbé ìka kan lé tábìlì. Adájọ́ kò gbọ́ ohunkóhun, íapíìsì wà létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n orin náà ń lọ nínú orí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, bó ṣe ń lọ lójú fóònù. Ìka Bàbá Kámẹ́rà kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Ó sinmi. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

Ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọkùnrin tí kò gbọ́ orin náà rí ṣáájú òní!

“Gbé e wá.” Adájọ́ já íapíìsì gbà, ó kì í bọ etí wàràwàrà bí Bàbá Kámẹ́rà ṣe gbé e fún un, kò wo àmì kankan. Ó fa orin sẹ́yìn.

Tíń. Tíń, tíń.

Apá ọ̀tún ló ti dún, níbi tí agogo yẹn kò ti dún rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Adájọ́ yọ íapíìsì, ó wò ó. Ó wà ní òdì. Ó tún un fi sí bó ṣe yẹ, ti òsì sí òsì, ti ọ̀tún sí ọ̀tún, ó fa orin sẹ́yìn. Àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ pẹ́ wọlé. Ẹnì kan húkọ́. Ẹsẹ kejì dé, ó kọjá, agogo ò dún. Ó yí i sódì: tíń. Ó tò ó padà: kẹ́kẹ́ pa.

Ó fa aláwọ̀ ewé mọ́ra. Ó wá ibi tí etí méjèèjì wà, ọ̀kan kún, ọ̀kan dé ìdajì. Ó pa àtúnṣe tí fóònù ń ṣe fún etí rẹ̀. Ó gbọ́ orin. Agogo ti pòórá nínú òun náà.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Adájọ́ rọra jókòó. Ẹ̀rù bà á, ojú tì í, kò mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì. Gbogbo fóònù ọdún méjì ló ń to kọjá níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.

“Gbogbo àwọn tí mo rán lẹ́wọ̀n,” ló wí, “aláìṣẹ̀ ni wọ́n. Etí mi ni. Etí òsì mi ti ń lọ.”

Bàbá Kámẹ́rà gbé bùrẹ́dì sílẹ̀. Ó ní, “Fóònù ò ní mọ̀lẹ́bí. Wọn ò lè pè ẹ́ lẹ́jọ́.” Ó tún rẹ ohùn sílẹ̀. “Gbogbo èèyàn ló ti mọ̀ pé dúdú dáa. Sọ pé dúdú ló gbà á, kó parí síbẹ̀. Èmi ò rí nǹkan kan.”

Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé ẹ ti ṣe tán, mà?”

Ó rọrùn o. Kó sọ pé dúdú, kí páálí wà níbi tó wà, kó máa jẹ Adájọ́ lọ. Òótọ́ ni pé dúdú dáa. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń ta kíjí nínú rẹ̀, tí ìtìjú ò lè bò mọ́lẹ̀: ó gbọ́ ọ! Pẹ̀lú etí tó ti ń kú lọ yẹn náà, ó gbọ́ agogo lónìí, ó mọ́ gaara, ó jó yí tábìlì po nítorí rẹ̀. Ta ló máa gbọ́ irú ìròyìn yìí tí á gbé e mì?

“Mo ti ṣe tán,” ló wí, ó dìde.

Nígbà tí iná kámẹ́rà tàn, Bàbá Kámẹ́rà sọ tirẹ̀ ní kúkúrú, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo Adájọ́. Obìnrin náà bọ́ síwájú, ó húkọ́ sọ́wọ́.

“Ilé ẹjọ́ ti jókòó. Ṣùgbọ́n lónìí, adájọ́ ló ń jẹ́jọ́.”

Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: agogo tó sọnù, etí ta ló sọ ọ́ nù, àti íapíìsì tó bọ́ sódì. Ó ní dúdú ló gba Ohùn Iyọ̀ Ọdún, ó sì tọ́ sí i láti ọjọ́ yìí wá. Ó bẹ gbogbo fóònù tó ti dá lẹ́bi, ó ní kí àwọn tó ni wọ́n bá òun fọwọ́ pa wọ́n lórí. Nígbà tó wá gbé aláwọ̀ ewé sókè, ohùn rẹ̀ fò sókè pẹ̀lú rẹ̀.

“Èyí! Ohùn rẹ̀ dáa, kò dáa tó dúdú. Ṣùgbọ́n gbogbo fóònù tó kù, orin ni wọ́n kàn ń kọ sí mi. Èyí nìkan ló béèrè etí mi kó tó la ẹnu. Mo sì bú u pé kò kun àwòrán tán! Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá, ẹ mú íapíìsì yín. Ẹ fi ti òsì sí ọ̀tún, ẹ fi ti ọ̀tún sí òsì. Ẹ gbọ́ orin tí ẹ mọ̀ bí orúkọ yín. Bí nǹkan kan bá sọnù níbẹ̀, tàbí bí àlejò kan bá dé, ẹ lọ rí dókítà etí. Èmi náà ń lọ ní ọjọ́ Ajé, ká jọ pàdé níbẹ̀.”

Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Awakọ̀ kan ní fèrè kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú orin tí òun ti ń gbọ́ láti kékeré. Ìyá àgbà kan ní òun ò rí àyípadà kankan, kí wọ́n bá òun yọ̀. Bàbá kan ní, “Áà, ìyàwó mi ò ráhùn lásán.” Adájọ́ ń kà wọ́n sókè, ó ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. Bàbá Kámẹ́rà fi íapíìsì sódì, ó rántí pé òdì ló ti ń fi í láti ọjọ́ tó ti dáyé, ó yí i sí bó ṣe yẹ, ó ní, “Háà, bó ṣe yẹ kó rí rèé?” Ètò náà kọjá àkókò rẹ̀, kò sí ẹni tó bínú.

Lẹ́yìn tí iná kú, Ọ̀gá gbé páálí náà wọlé. Ó gbé e sórí tábìlì, láàárín Adájọ́ àti Bàbá Kámẹ́rà.

“Ẹ̀rọ á máa wọn ọ́n,” ni Ọ̀gá wí. “Bàbá Kámẹ́rà á máa yá yín ní etí òsì. Ẹ̀yin lẹ ó máa sọ bóyá ó dùn, mà. Ẹ̀rọ ò lè jẹ́jọ́ ara rẹ̀ bí ẹ ṣe jẹ́ ẹ lónìí.”

“Etí ẹni tó ń jẹ bùrẹ́dì?” ni Adájọ́ wí, ṣùgbọ́n omi ti lé rorò sí i lójú.

Wọ́n gbà á láyè kó gbé aláwọ̀ ewé lọ sílé di ọjọ́ Ajé. Oòrùn ti wọ̀ nígbà tó débẹ̀. Àga méjì ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ wọn. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, lẹ́bàá ògiri, ti bàbá ni. Ìròyìn ti kún Adájọ́ débi pé kò wo ibi tó ń jókòó sí. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀.

“Bàbá Ìbejì! Ẹ jáde wá, ọ̀rọ̀ ńbẹ!”

Ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú ife tíì méjì. Ó rí ibi tí aya rẹ̀ jókòó sí. Ó wo àga tó ṣófo, èyí tó wà lápá òsì obìnrin náà. Kò jókòó sí i. Ó gbé tíì sílẹ̀, ó gbé àga náà, ó gba iwájú Adájọ́ kọjá, ó rọra kì í sáàárín obìnrin náà àti ògiri, lápá ọ̀tún, níbi tí àyè ò ti tó. Ó ní láti ṣe ẹ̀gbẹ́ kó tó lè jókòó, orúnkún rẹ̀ kan ògiri.

“Ẹ̀n-hẹ́n,” ló wí. “Kí ni wọ́n wí níbi iṣẹ́?”

Adájọ́ wò ó. Ó wo èjìká rẹ̀ tí ògiri há mọ́, ó wo àyè gbayawu tó fi sílẹ̀ lápá kejì. Ó rántí ibùsùn. Ó rántí títì, àti ọkọ̀ tó ń gbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárọ̀.

“Bàbá Ìbejì.”

“Hùn?”

“Oòrùn ti wọ̀.”

Ọkùnrin náà mú ife rẹ̀, ó yí i lọ́wọ́, kò mu ún.

“Etí ni iṣẹ́ ẹ,” ló wí. “Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Nígbà tí o pè mí lọ́sàn-án, mo rò pé ó ti san.”

Adájọ́ fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ó yọ fóònù aláwọ̀ ewé jáde, ó tan ibi etí méjèèjì padà. Ó fi íapíìsì òsì sí etí òsì ara rẹ̀, ó ki ti ọ̀tún bọ etí ọkọ rẹ̀, ó sì tan orin náà. Ìgbà èwe àwọn méjèèjì kọrin kọjá nínú gbọ̀ngàn tí òjò ń ṣú lé lórí. Ẹnì kan húkọ́.

“Ìyá Ìbejì,” ni ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, “mo fẹ́…”

Adájọ́ gbé ọwọ́ lé e lọ́wọ́. Ẹsẹ kejì ti ń bọ̀.

“Ẹ dákẹ́ ná,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ yín.”